Wọ́n Tan Ẹ̀rọ fún Òdòdó, Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ìyá Alọṣọ

Ìyá Alọṣọ ti kú. Ooru ló pa á, lọ́sàn-án gangan, nínú yàrá tó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ ṣeun, dókítà. Ta ni ọkàn rẹ̀ kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró tó bá kú? Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn pa, ṣé ọkàn onítọ̀hún á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ ni? Ẹ kọ ohun tó dá ọkàn náà dúró. Ẹ kọ ooru. Tí ẹ bá sì fẹ́ sọ òótọ́ délẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, torí pé ilẹ̀kùn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, màá sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, òun ni obìnrin tó ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé alájà gíga tí àwọn báńkì àti àwọn amòfin kún inú rẹ̀. Àwọn méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fọ̀, òun ń lọ̀. Oníbàárà rẹ̀ ni èmi náà. Tó bá ti rí mi lókèèrè, á ní, "Akọ̀wé, ẹ tún ti fi apá aṣọ nu tábìlì." Màá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Á tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ níwájú mi, á fi ìka tọ́ ibi tí íńkì ti ta sí i, á wá bú sẹ́rìn-ín bíi pé ó ti mú olè. Aṣọ tirẹ̀ kì í gún ní tiẹ̀. Ó máa ń rún pọ̀ bí ìwé tí wọ́n fẹ́ jù nù. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ta ló máa sanwó fún mi tí mo bá lọ tèmi?"

Kóòtù tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń wọ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń lọ̀. Ẹ rò ó wò. Ní àsìkò tí ọ̀dà ojú títì ń yọ́ mọ́ bàtà, àwọn kan ń kó kóòtù wá fún lílọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé alájà yẹn lágbára débi pé wọn ò lè jókòó ti iṣẹ́ wọn láìwọ̀ ọ́. "Àwọn ọmọ yìí," ni Ìyá Alọṣọ máa ń wí, tí òógùn á sì máa kán láti àgbọ̀n rẹ̀, "òtútù ló máa pa wọ́n." Á ṣàánú wọn tọkàntọkàn. Mi ò rí ẹni tó ṣàánú tirẹ̀ nínú ilé náà, títí tó fi lọ.

Ẹ̀yìn ilé alájà kan náà ló ń gbé. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í pa ooru, ó kàn ń kó o kúrò nínú ilé lọ síta ni. Ta ló wà níta? Ìyá Alọṣọ ló wà níta. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní kọjú sí ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ń fẹ́ èémí gbígbóná sí i láti àárọ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń lọ sílé. Tó bá ṣí fèrèsé, ooru àwọn báńkì á wọlé wá bá a. Tó bá tì í, ooru páànù tó wà lórí ilé á máa sè é bí ẹni se ẹ̀wà. Owó ilé ibẹ̀ kò wọ́n, wọ́n ní kó dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí kò kó kúrò níbẹ̀. Ó ti kó rí, ọ̀gá mi. Ìsàlẹ̀ létí odò ló ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn olówó kì í kọ́lé sí. Òjò ńlá kan wá rọ̀, irú èyí tí àwọn àgbà ní àwọn ò rí rí, tí a sì ti ń rí léraléra báyìí. Omi wọlé, ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìkòkò, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tó fẹ́ fi dá dúró. Ẹnikẹ́ni ò san ohunkóhun fún un. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gba yàrá níbòmíràn ju ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ yẹn lọ. Omi lé e jáde, ooru gbà á lálejò. Òkè lọ́hùn-ún, níbi tí igi ti yí ilé ká, tí omi ò lè dé, tí atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ṣé òun ni kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni? Ó ń gbé aṣọ lọ fún wọn níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ooru pa àwọn arúgbó kan ládùúgbò wa, ariwo sì ta. Kánsù wá ṣe ìlérí tó dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Wọ́n ní gbọ̀ngàn kánsù yóò máa wà ní ṣíṣí lọ́sàn-án nígbàkigbà tí ooru bá le, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé. Ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́, omi tútù á wà, ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ pé o wá ṣe kí ni. Ìyá Alọṣọ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá. Ó sùn lórí àga níbẹ̀, ó jí, ó sì wá ń kiri ojúlé dé ojúlé. "Ẹ lọ, ẹ lọ! Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Àní mo sùn bí ọmọ ọwọ́!" Àwọn tí kò gbà á gbọ́, ó fà wọ́n lọ́wọ́ lọ. Ó gba kánsù gbọ́ ju bí àwọn tó ṣe ìlérí ṣe gba ara wọn gbọ́ lọ.

Nígbà tí kánsù wá ń wá ẹni tí wọ́n máa ya fọ́tò rẹ̀, ta ni wọn ì bá tún mú? Lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá Alọṣọ lọ aṣọ ara rẹ̀. Kọ́là rẹ̀ gún régé. Ó wá fi hàn mí ní ọ́fíìsì, ó yí po, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ wò mí dáadáa o, ẹ má wá sọ pé ẹ ò mọ̀ mí mọ́." Wọ́n yà á níbi tó ti jókòó nínú gbọ̀ngàn, tó mú ife omi dání, tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fọ́tò náà di gàgàrà, wọ́n gbé e kọ́ sára géètì, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ibi ìtura fún gbogbo ènìyàn.

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí ọjọ́ tó kú ṣe lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fọ aṣọ ló sọ ọ́ fún mi, òun ni wọ́n jọ wà.

"Láti àárọ̀ lorí ti ń fọ́ ọ," ló wí. "Mo ní, ọ̀rẹ́ mi, jókòó. Ó ní kóòtù kù díẹ̀. Ìgbà tó yá, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ, ó kàn dúró tì í, kò gbé e kúrò. Èéfín ń yọ, ó ń wò ó. Ìyá Alọṣọ tí kò jó aṣọ rí láyé ẹ̀! Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ó tó, ó tó, jẹ́ ká máa lọ sí gbọ̀ngàn."

Wọ́n fi agboòrùn borí, wọ́n rìn débẹ̀. Géètì wà ní títì. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ dìde, ó kí wọn.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Wọn ò ṣí i lónìí."

"Kí ló dé?" Afọṣọ ló béèrè. "Ṣé kì í ṣe ìgbà ooru ni wọ́n ní ká wá ni?"

"Àlejò ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ti ṣe inú ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ wọlé lọ ba nǹkan jẹ́."

"A ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la máa jókòó sí."

"Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, Mọ́mì. Kọ́kọ́rọ́ gan-an ò sí lọ́wọ́ mi, wọ́n ti wá gbà á láàárọ̀."

Afọṣọ nawọ́ sí fọ́tò tó wà lókè orí wọn. "Ọmọ mi, wo ẹni tó wà lókè yẹn. Wá wo ẹni tó dúró síwájú ẹ."

Ẹ̀ṣọ́ náà kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti mọ̀ wọ́n kẹ́ ẹ tó sọ."

Wọ́n ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún nínú gbọ̀ngàn. Afọṣọ wá bínú, ó ní, "Ta wá lẹ tan ẹ̀rọ fún, ṣebí ẹ ní kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀?"

"Òdòdó ni, Mọ́mì. Wọ́n ní kó má baà rọ kí àlejò tó dé."

Òdòdó. Mo bi obìnrin náà léèrè lẹ́ẹ̀mejì, kó má jẹ́ pé etí mi ló ń tàn mí. Òdòdó tí wọ́n já lóko, tí wọ́n kó sínú ìkòkò gíláàsì, ló jókòó sínú òtútù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ènìyàn tí fọ́tò rẹ̀ wà lára géètì dúró sínú oòrùn. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ pàṣẹ yẹn tún lè wo ojú ara yín nínú dígí? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun yín?

Afọṣọ fẹ́ fa wàhálà, ó fẹ́ máa gbá géètì. Ìyá Alọṣọ dì í lápá mú. "Fọmọ yẹn sílẹ̀," ló wí. "Òun náà wà nínú oòrùn." Ẹ̀ṣọ́ bu omi tirẹ̀ fún un, ó mu díẹ̀, ó dúpẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ mú iṣẹ́ àwọn méjèèjì ṣe, kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń tún fóònù ṣe, ló bá a nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá rẹ̀ ti rẹ aṣọ ìbora sínú omi, ó fi bo ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ooru bá le jù. Aṣọ náà ti gbẹ, ó ti le gbagidi. Ọmọ náà ní àwọn ẹ̀rọ inú ilé alájà ṣì ń fẹ́ ooru sí fèrèsé bí òun ṣe ń pariwo pe àwọn ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwọn àlejò wá ṣe lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wá fún kánsù wa ní àmì ẹ̀yẹ ni. Àmì ẹ̀yẹ kí ni? Ti gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún tálákà nígbà ooru. Ẹ rẹ́rìn-ín, tí ẹ bá lè rín in. Wọ́n gbé fọ́tò Ìyá Alọṣọ sórí ìtàgé, alága kánsù pè é ní ìyá wa, gbogbo ènìyàn sì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní wákàtí yẹn, ó wà ní mọ́ṣúárì, ọmọ rẹ̀ sì jókòó sórí báǹṣì níta, ó ń dúró kí wọ́n pe òun wọlé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú jáde, agbẹnusọ kánsù lọ sórí rédíò. Ó ní ó dun àwọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ooru ò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Irọ́ gbuu ni. Ooru mọ̀ wọ́n, ó sì mọ ojúlé wọn. Ó mọ ẹni tó fi páànù borí àti ẹni tí igi ṣíji bò. Ó mọ ẹni tó lè sọ pé ó rẹ òun, kó lọ sílé, àti ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ tí kò bá dúró ti áyọ́ọ̀nù, kò ní jẹun. Ìkún omi náà mọ̀ wọ́n, ẹ kàn lọ wo ibi tó máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Ayé ń gbóná sí i, àwọn onímọ̀ ti sọ ọ́ títí ohùn wọn fi há, kì í sì í ṣe Ìyá Alọṣọ tí kò ní ọkọ̀, tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ló mú un gbóná. Síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ kú sí i. Mi ò sọ pé kí alága kánsù lọ pa oòrùn. Ilẹ̀kùn ni mo ní kó ṣí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun máa ṣí.

Mo lọ kí ọmọ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n kọ nípa ìyá rẹ̀. "Ẹ má kọ pé wọ́n jẹ́ ènìyàn dáadáa, sà," ló wí. "Gbogbo ayé ló mọ̀ yẹn. Wọ́n gba àwọn ará kánsù yẹn gbọ́. Ẹ ṣáà bá mi béèrè ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́."

Mo ń béèrè o. Mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ lè tán síbẹ̀. Kò ní tán síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kọ́ ló ra òdòdó, òun kọ́ ló tan ẹ̀rọ, òun kọ́ ló ń dúró de àmì ẹ̀yẹ. Ẹ ní àṣẹ ló wá láti òkè. Ṣé òkè ò lórúkọ ni? Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí onítọ̀hún dúró níwájú ọmọ olóògbé, kó sọ fún un lójúkojú ìdí tó fi ṣe é, kó sì fi ipò tó wà sílẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ yẹn, ẹ dá a padà fún àwọn tó ni ín, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ooru tún ti le. Mo gba iwájú gbọ̀ngàn kọjá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ènìyàn ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú géètì, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, obìnrin kan sì ń fi páálí fẹ́ ọkọ rẹ̀ tí kò lè gbórí dúró mọ́. Géètì ṣì wà ní títì. Alága, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó sáré o, torí ọkùnrin yẹn ò lè dúró di ọ̀la.