Tíńtín Kì Í Ṣe Olóríkunkun

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bí Bàbá Alágbàfọ̀ nínú: kí nǹkan ṣe aṣọ oníbàárà rẹ̀. Gbogbo ìyókù, ẹ̀rín ló fi ń rín. Ó ti ń fọ aṣọ, ó ti ń lọ̀ ọ́, látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ áyọ́ọ̀nù débi pé ó lè máa bá ẹni tó ń kọjá lójú títì tàkúrọ̀sọ, kí ìlà ṣòkòtò tó ń lọ̀ sì tọ́ gangan.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i á rò pé kò tíì ju mẹ́fà lọ, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Tíńtín. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe àbíkẹ́yìn bàbá, ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì kan lódìkejì ìlú. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ló máa ń ráyè wá.

Ara Tíńtín yá mọ́ èèyàn. Ẹni tí kò rí rí láyé rẹ̀, á fò mọ́ ọn lọ́rùn. Àmọ́ nǹkan kì í dúró lórí rẹ̀. Bàbá á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká áńkáṣíìfù lónìí, á ká a, á dára. Tó bá di ọ̀la, á máa wo áńkáṣíìfù náà bí ẹni pé ojú sánmà ló ti já bọ́. Bí bàbá bá ní, “Tíńtín, kó aṣọ funfun wọlé, ti ẹ̀rọ omi, kó o bá mi mú hángà wá,” aṣọ funfun nìkan ló máa wọlé. Omi á kún garawa, á ya sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá á pariwo, Tíńtín á sì tẹjú mọ́ ọn.

“Bàbá àgbà, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Ibi tó ti máa ń dun bàbá jù nìyẹn, pé ọmọ náà lè wo òun lójú kòrókòró kó sì purọ́.

Lọ́jọ́ kan, bàbá yà lọ ra ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi Tíńtín sídìí káńtà, ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni láṣọ. Kò pẹ́ tó lọ ni ọkùnrin kan wọlé. Ó kí ọmọ náà, ó ní ó mà rẹwà o, ó nàka sí kóòtù dúdú kan, ó ní tòun ni. Tíńtín bá a já a lórí hángà, ó sì juwọ́ sí i títí tí kò fi rí i mọ́.

Olùkọ́ Tíńtín gan-an ló ni kóòtù. Ó wá gbà á lọ́jọ́ kejì nígbà tí ilé ìwé jáde. Bí bàbá ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè. Olùkọ́ di ọwọ́ náà mú.

“Bàbá, ẹ má nà án, ẹ jọ̀ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti kọ́ àwọn olóríkunkun rí, mo mọ ojú wọn. Tíńtín kọ́ nìyẹn. Ohun tó bá mọ̀ ní Mọ́ńdè, á ti fò lọ kó tó di Tọ́sìdeè. Ó ń sapá ju gbogbo kíláàsì lọ, kò kàn rí i dì mú ni. Ẹ gbé e lọ rí dókítà àwọn ọmọdé.”

“Kóòtù yín wá ńkọ́?”

“Kóòtù ti lọ nìyẹn. Ó ti gbó tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń fọ̀ ọ́.”

Obìnrin ni dókítà náà, kì í kánjú. Ó wọn Tíńtín, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó fi tépù yí orí rẹ̀ po. Lẹ́yìn náà ló wá fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ojú ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ là gbòòrò, ètè òkè rẹ̀ fẹ́lẹ́, ojú ìlà kékeré tó máa ń wà láàárín imú àti ètè èèyàn sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni bàbá ti ń wo ojú yìí. Ohun tó rò ni pé ìyá ìyá rẹ̀ ló jọ.

Dókítà ní, “Ojú nìkan ò tó sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní àìsàn tí mò ń rò yìí tí ojú wọn ò sì yàtọ̀ rárá. Bàbá, ṣé ìyá rẹ̀ mutí nígbà tó lóyún rẹ̀?”

“Ọmọ mi kì í mutí!”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó rántí pé ọmọ òun kò sí lọ́dọ̀ òun lákòókò yẹn. Ilé ọkùnrin kan ló wà, ẹni tó padà já a jù sílẹ̀.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń bá a ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mú igun méjì, òun náà mú igun méjì, wọ́n ń sún mọ́ra, wọ́n ń jìnnà síra. Ìdí iṣẹ́ yẹn ni bàbá ti bi í. Obìnrin náà dúró gbagidi.

“Mo mu ún, Bàbá. Nígbà tí ọkùnrin yẹn lọ, alaalẹ́ ni. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti lóyún, ó ti wọ oṣù kẹrin kí n tó mọ̀. Mo wá dín in kù, mi ò jáwọ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ọtí dúdú máa ń fún aláboyún lẹ́jẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ gbígbóná kan yọ sí bàbá lẹ́nu. Ó wo ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ṣì di igun méjì tirẹ̀ mú, kò jẹ́ kí aṣọ náà kan ilẹ̀. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Jẹ́ ká ká eléyìí tán,” ló ní. “Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa lọ.”

Lọ́dọ̀ dókítà, ìyá Tíńtín sọ gbogbo rẹ̀ láìbo ọ̀kankan. Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí ìyá bá mu, ọmọ inú rẹ̀ ló ń mu ún: ọtí á gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, á gba ìwọ́ wọ ara ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì gbó tó láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ló máa ń forí fá a. Kò sí ìwọ̀n ọtí tá a lè sọ pé kò léwu fún aláboyún, kò sì sí irú rẹ̀ tó sàn.

Bàbá ní, “Ṣé kò sí oògùn tó máa tún un ṣe?”

“Kò sí, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tá a lè fi ràn án lọ́wọ́ pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ kó wojú yín. Ẹ rán an ní ẹyọ iṣẹ́ kan. Tó bá ṣe é tán, kẹ́ ẹ tó sọ èkejì. Ẹ jẹ́ kí ìṣe òní jọ ti àná. Nígbà tó bá sì ní ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni kò sí lórí rẹ̀ mọ́ lóòótọ́.”

Bàbá rántí gbogbo ariwo tó ti pa mọ́ ọmọ náà, ó sorí kọ́.

“Èmi ni mo ṣe é,” ni ìyá Tíńtín wí.

“Ẹ ò mọ̀, Màmá. Òótọ́ tẹ́ ẹ sì sọ lónìí ló jẹ́ ká mọ ibi tá a máa gbé ẹsẹ̀ sí. Ká ní ẹ purọ́ fún mi ni, wọn á ṣì máa pariwo mọ́ ọn.”

Bàbá délé, ó mú èédú, ó ya àwòrán iṣẹ́ Tíńtín sára ògiri: aṣọ funfun, hángà, ẹ̀rọ omi. Àmọ́ áyọ́ọ̀nù ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, kò mọ àwòrán. Tíńtín wo àwòrán ẹ̀rọ omi náà títí.

“Bàbá àgbà, kí n ti pẹ́pẹ́yẹ?”

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn, tí wọ́n bá ti fọ aṣọ tán, wọ́n á ní kó lọ ti pẹ́pẹ́yẹ. Olùkọ́ gbé àga Tíńtín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wá síwájú. Ìyá rẹ̀ bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n fún òun níṣẹ́ àárọ̀, ó kó padà sílé, ẹnikẹ́ni ò sì fi Tíńtín nìkan sídìí káńtà mọ́. Kì í ṣe pé gbogbo ọjọ́ ló ń lọ geere o. Bí oníbàárà bá pọ̀, bàbá á gbàgbé, á to iṣẹ́ mẹ́ta léra, omi á tún ya. Á mí kanlẹ̀, á ní, “Tíńtín, wò mí,” á bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ṣàdédé bi í pé:

“Màmá mi, kí ló dé tí nǹkan kì í dúró lórí mi?”

Ó pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń to ohun tó máa sọ jọ. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

“Nígbà tó o wà nínú mi, mo ń mutí. Mi ò mọ̀ pé o ti wà níbẹ̀. Ọtí yẹn ló ṣe ọpọlọ rẹ léṣe. Kì í ṣe ẹ̀bi tìẹ.”

Tíńtín ronú sí i. “Ṣé ọtí náà dùn ni?”

“Ó korò.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ̀ ń mu ún?”

“Inú mi ni kò dùn. Mo rò pé èmi nìkan ni mo wà.”

“Ẹ̀yin nìkan kọ́,” ni Tíńtín wí. “Ṣebí ẹ ní mo ti wà níbẹ̀. Ẹ ò bá ti bá mi sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀rín bú mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu, omijé sì tẹ̀ lé e. Nídìí tábìlì, Bàbá Alágbàfọ̀ fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó ní ooru áyọ́ọ̀nù ló kó sí òun lójú. Kò sẹ́ni tó bi í.