Ìrù Ẹfọ̀n Tí Ládòkun Kò Tètè Gé

Ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé ọdẹ, ní àgbàlá Ṣàngóbùnmi ní Ṣakí. Ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. Ìbọn tí wọ́n fi ti ògiri. Ajá tó sùn ti olówó rẹ̀, tó ń fi etí kan lé eṣinṣin. Àti fọ́tò.

Fọ́tò ni wọ́n ń gbé wá sípàdé báyìí. Láti ìgbà tí Cornelius ti ṣí ilé fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí ìjọba dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, kò sí ọdẹ tó tún fẹ́ fẹnu lásán ròyìn mọ́. Tẹ́lẹ̀, ìrù ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá pa ẹran ńlá yóò gé ìrù rẹ̀ nínú igbó, kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kan ẹran náà, yóò sì gbé e wá síwájú Ṣàngóbùnmi, olúọdẹ wọn. Nísinsìnyí, àpò ẹ̀wù ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀. Fọ́tò á jáde. Á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì. Ìmàdò rèé. Àgbọ̀nrín rèé. Ẹ wo ìwo, ẹ wo bí mo ṣe dúró. Ibẹ̀ ni ìtàn á ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lọ́jọ́ náà, bí ẹran ṣe bojú wẹ̀yìn, bí ẹ̀tù ṣe kọ̀ tí kò tètè gbiná. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á ní òun gbọ́ ìró ìbọn náà láti oko òun.

Lọ́jọ́ yìí, fọ́tò Jẹ́ẹ́dé ni gbogbo wọn ń wò. Ìjìó ni Jẹ́ẹ́dé ti kó wá sí Ṣakí, kò sì tíì pẹ́ tó dé. Ẹfọ̀n ló pa. Nínú fọ́tò náà, ẹfọ̀n dùbúlẹ̀ bí òkè, ìrù rẹ̀ wà lára rẹ̀ gbọọrọ. Jẹ́ẹ́dé dúró níbi orí rẹ̀, ìbọn léjìká. Ọkùnrin méjì sì jókòó lé ikùn ẹran náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àga tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọyẹ́ ti dé. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi finá sígbó, tí gbogbo ọdẹ ìlú yóò jọ jáde. Ẹsẹ̀ Ṣàngóbùnmi kò gbé e mọ́. Ó ti ní òun máa yan ẹni tí yóò ṣíwájú wọn dípò òun, ẹni tó ti pa ẹfọ̀n rí. Ládòkun fẹ́ ipò náà. Ó fẹ́ ẹ débi pé kò lè sọ ọ́ síta.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kò yá lẹ́nu rẹ̀ ni Ládòkun, bàbá Àwáwù. Bí òjò bá ń rọ̀, isu ló ń gbìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, igbó ló ń gbé. Ẹfọ̀n mẹ́ta ló ti pa láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí àjà lọ́dún tí iná jó òrùlé bẹẹrẹ rẹ̀. Àwọn tó bá a ru ẹran náà ti kú. Ṣàngóbùnmi fúnra rẹ̀ wà lóko kòkó ní Oǹdó nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu Ládòkun nìkan ló kù.

Ó ròyìn rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́. Jẹ́ẹ́dé bá bi í, tẹ̀rín tẹ̀rín, bóyá iná náà jó fọ́tò mọ́ ìrù. Ládòkun ní kò sí fọ́tò nígbà náà.

"Bàbá Àwáwù, ẹ má bínú sí mi," Jẹ́ẹ́dé wí. "Kódà ká ní ìrù wà, wọ́n ń ta ìrù ní Ìjìó. Ẹran tí ìrù ẹ̀ wà lára ẹ̀, tí ẹni tó pa á dúró tì í, ìyẹn lojú mi mọ̀."

Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ rẹ́rìn-ín. Ṣàngóbùnmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó ní tó bá di ìpàdé tó ń bọ̀, òun yóò dárúkọ ẹni náà.

Ládòkun gbé ìbọn rẹ̀, ó lọ sílé. Oúnjẹ tí Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ gbé kalẹ̀, ó kàn fọwọ́ kàn án ni. Àdìjátù bi í pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Ó ń nu ìbọn. Ìbọn tó ti nù láàárọ̀.

Kí ìpàdé tó tún kò, ó rí ẹfọ̀n.

Akọ ni. Òun nìkan ló ń jẹ̀, lẹ́bàá odò kan tó ti gbẹ ku ẹrẹ̀, lápá ọ̀nà Ìjìó. Ládòkun àti àbúrò rẹ̀, Ràsáàkì, ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bọ̀ láti òwúrọ̀. Ládòkun ṣe Bísímílà, ó yìnbọn. Ẹfọ̀n náà sáré wọ inú koríko, ó ṣubú lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán kan, lábẹ́ igi òrí. Wọ́n dúró. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó yá, wọn ò gbọ́ ọ mọ́.

Ládòkun tún ìbọn kì. Ìyẹn kò sí lára ohun tó ń gbàgbé. Ó yọ ọ̀bẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan.

Ó dúró.

Ẹran tí ìrù ẹ̀ wà lára ẹ̀.

Ó ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀ padà. Ó ní kí Ràsáàkì lọ gbé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lábà, kó sáré wọ Ṣakí, kó mú Cornelius wá kí oòrùn tó wọ̀. Ràsáàkì wo ẹfọ̀n, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì gé ìrù."

"Mo mọ̀. Máa lọ."

Gbogbo ọdẹ ló mọ̀ pé ìrù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Wọ́n ní nítorí ẹ̀rí ni, kí ẹlòmíràn má bàa gba ẹran mọ́ ẹni lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá Ládòkun kọ́ ọ ní ìdí kejì. Ẹ̀yìn ni ọdẹ tó fẹ́ gé ìrù gbọ́dọ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ ẹran, ìbọn tó ti kì lábẹ́ apá. Ẹran tó ti kú kò ní mọ̀ pé wọ́n gé òun. Èyí tí kò tíì kú yóò dìde, ọdẹ yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní wà níwájú ìwo.

Ládòkun jókòó síbi tó ti lè rí gbogbo ara ẹfọ̀n náà. Oòrùn yí. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè rẹ̀ gbẹ. Eṣinṣin bo ojú ọgbẹ́, wọ́n bo imú, wọ́n bo ìpéǹpéjú. Ó ń wò wọ́n. Ó dá a lójú. Kò dá a lójú. Ó sọ òkò kan, òkò ba ikùn ẹran, ó dún gbì. Ẹran kò mira.

Ó ti kú.

Lẹ́yìn náà, eṣinṣin ojú rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn. Wọ́n rá bàbà lókè, wọ́n tún bà.

Afẹ́fẹ́ ni, Ládòkun sọ fún ara rẹ̀. Ó wo ewé igi òrí. Ewé kankan ò mì.

Ó lè dìde kó lọ gé ìrù náà. Kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́, àfi ẹ̀rín Jẹ́ẹ́dé. Ó jókòó ti ẹ̀rín náà títí ó fi gbọ́ ìró alùpùpù Cornelius lókèèrè.

Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Cornelius, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń wọ tai lọ síbi iṣẹ́, kódà nínú igbó. Ó ń ráhùn bọ̀ lẹ́yìn Ràsáàkì: ẹ̀gún ti ya ṣòkòtò òun, eruku ti wọ àpò kámẹ́rà. Nígbà tó rí ẹfọ̀n, ó gbàgbé ṣòkòtò tó ya. Kí Ládòkun tó sọ nǹkan kan, ó ti na ẹsẹ̀ kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níwájú orí ẹran náà gan-an. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ, òun máa jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là pẹ́ díẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má mira rárá. Ó ní kí Bàbá ọdẹ dúró ti ìwo, kí Ràsáàkì jókòó lé ikùn, bíi ti fọ́tò Jẹ́ẹ́dé. Òun náà ló ya ìyẹn.

Ràsáàkì ti ń lọ. Ó ti na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹran náà.

Eṣinṣin gbéra.

"Ràsáàkì, dúró." Ohùn Ládòkun kò ga. "Má fọwọ́ kàn án. Máa fẹ̀yìn rìn bọ̀. Cornelius, kúrò níwájú ẹ̀."

"Bàbá, ìmọ́lẹ̀ ń lọ o."

"Kúrò níwájú ẹ̀."

Cornelius ṣì fẹ́ jiyàn, nípa ọ̀nà tó jìn àti epo tí òun jó wá. Ràsáàkì fà á lápá. Cornelius já kámẹ́rà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dì í mọ́ àyà. Ẹsẹ̀ kámẹ́rà nìkan ló kù lójú kan náà, tó dojú kọ ẹfọ̀n.

Ládòkun yí gba ẹ̀yìn. Ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìbọn lábẹ́ apá òsì, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá gé e, fọ́tò bíi ti Jẹ́ẹ́dé ti lọ nìyẹn. Jẹ́ẹ́dé yóò ní wọ́n ń ta ìrù ní Ìjìó. Ó di ìrù náà mú. Ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gé e.

Ẹfọ̀n dìde.

Ó dìde lódindi, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá gbéra. Iwájú ló kọ́kọ́ forí lé. Ìwo rẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ó rún un wómúwómú, ó sì yí padà, ó ń wá ẹni tó gé òun. Ládòkun ti fi orúnkún kan kúnlẹ̀. Ọta kan ṣoṣo. Ó jẹ́ kó máa bọ̀. Ó jẹ́ kó sún mọ́ ọn sí i. Ó yìn ín lójú.

Èéfín.

Nígbà tí èéfín ká, ẹfọ̀n wà nílẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún Ládòkun. Ràsáàkì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó nà. Cornelius jókòó sílẹ̀, tai rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn. Ó wo ibi tó ti dúró tẹ́lẹ̀. Ó wo igi wẹ́wẹ́ tó kù níbẹ̀.

Òun náà ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbé kámẹ́rà lé orí ọ̀gán, ó fi òkúta tì í kó má mì. Ó ní kí Bàbá ọdẹ mú ìrù ẹ̀ dúró. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jókòó lé ikùn.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Fọ́tò Ládòkun ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ojú ẹfọ̀n náà ti bàjẹ́. Ọdẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ìrù sókè, kò rẹ́rìn-ín. Ohun gbogbo hàn kedere, igi òrí, ìbọn, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Àfi ìrù. Ìrù náà rí bí èéfín.

Ó dé ọwọ́ Jẹ́ẹ́dé. Jẹ́ẹ́dé gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Bàbá Àwáwù, ẹran yín dára. Ṣùgbọ́n ìrù tá a ní ká wò, ó rí bàìbàì. Kí ló ṣe é?"

Ládòkun ti mú èsì wá láti ilé. Yóò ní kámẹ́rà ni. Ó wo Ṣàngóbùnmi, èsì náà kò sì jáde.

"Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n."

Àwọn ọ̀dọ́ ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣàngóbùnmi gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó sọ bó ṣe jẹ́. Ládòkun sọ ọ́. Kò yọ ibi tó ti ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀ kúrò. Kò yọ eṣinṣin kúrò, àti bó ṣe jókòó tó ń wò wọ́n. Nígbà tó dé ibi tí Ràsáàkì ti na ọwọ́, àwọn ọ̀dọ́ sún mọ́ ọn lórí ẹní. Ó sọ ọ́ tán. Ó mọ̀ pé òun ti fi ẹnu ara òun sọ ipò náà nù.

Ṣàngóbùnmi gba fọ́tò rẹ̀. Ó ní kí Jẹ́ẹ́dé mú tirẹ̀ náà wá. Ó tò wọ́n sórí itan.

"Jẹ́ẹ́dé, ìgbà wo lo gé ìrù tìẹ?"

"Lẹ́yìn tá a ya fọ́tò tán ni, Baba."

"Àwọn tó jókòó lé e ńkọ́?"

Jẹ́ẹ́dé na ọrùn wo fọ́tò rẹ̀ lórí itan bàbá náà.

"Ládòkun ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe," Ṣàngóbùnmi wí. "Ṣùgbọ́n ó rí eṣinṣin, ó sì dìde. Òun ni yóò ṣíwájú yín. Ẹran tó bá ṣubú, kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ ọn títí òun yóò fi gé ìrù ẹ̀."

Ó dá fọ́tò padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ládòkun ti tirẹ̀ bọ àpò láìwò ó. Jẹ́ẹ́dé wo tirẹ̀ pẹ́. Ẹfọ̀n bí òkè. Ìrù gbọọrọ. Ọkùnrin méjì tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀.

Ó dojú fọ́tò náà bolẹ̀ lórí ẹní.