Yàrá Mẹ́sàn-án Lórúkọ Ọkùnrin Kan

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n sọ bóyá n óò dúró níbi iṣẹ́ tàbí n óò kó ẹrù mi, ni òtẹ́ẹ̀lì kan ní Eleko pè. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì la máa ń ṣe ní ọ́fíìsì wa ní Ajah. Èmi ni mo sì ṣe tiwọn.

"Bísọ́lá," Ọ̀gá Múyìwá ní, "ẹnì kan ṣoṣo ló gba yàrá mẹ́sàn-án. Òtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ò sì ju yàrá mẹ́sàn-án lọ."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, sà."

Irọ́ gbuu! Mi ò tíì wo kóòdù rárá. Ṣùgbọ́n l'Ékòó yìí, ta ni kì í di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Ọ̀gá ti fa wáyà iná rí nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Lakowe, kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Irọ́ kì í tètè wọ̀ wọ́n létí. "Gbé lápútọ́ọ̀pù ẹ, ká lọ."

A bá wàhálà nílẹ̀. Ọkùnrin náà mú ìyàwó rẹ̀ wá ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó wọn, ìyàwó sì ti fọwọ́ sí ìbàdí.

"Bàbá Káyọ̀dé, èmi nìyí nínú yàrá kan. Àwọn wo ló ni mẹ́jọ yòókù?"

"Mo búra, ọ̀kan ni mo gbà!"

Mo ṣí kóòdù mi. Yéè! Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, fọ́ọ̀mù wa máa ń tọ́jú ohun tí oníbàárà kọ. Bó bá dé, bíráwúsà tí wọ́n fi ń wo wẹ́ẹ̀bùsáìtì á kéde pé ó ti dé, fọ́ọ̀mù á sì fi í ránṣẹ́. Kóòdù kékeré tó ń bá wa tẹ́tí sí ìkéde yẹn là ń pè ní húùkù. Bí fọ́ọ̀mù bá ṣí, kó máa tẹ́tí. Bó bá pa dé, kó ṣíwọ́. Mo kọ ti àkọ́kọ́, mo gbàgbé ìkejì. Bàbá Káyọ̀dé ń lọ wo fọ́tò yàrá, ó ń padà sí fọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀mẹjọ! Gbogbo ìgbà tó padà ni etí tuntun ń kún ti àkọ́kọ́. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, etí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbọ́, kálukú fi tiẹ̀ ránṣẹ́.

Ọkàn mi ní kí n pa ẹnu mọ́, torí iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n òógùn ń bọ́ lójú ọkùnrin yẹn, àánú ẹ̀ sì ṣe mí. Mo kúnlẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú. Kì í ṣe ọkọ yín, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni."

"Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kó o parọ́ fún wọn, àbí?" màdáámù ní.

Ọ̀gá ò gbèjà mi. "Ẹni tó tan iná ni yóò pa á," wọ́n ní. Mo bá pa yàrá mẹ́jọ yòókù rẹ́, mo kọ ìlà tó kù, mo ní kí màdáámù fi fóònù tiwọn dán an wò. Wọ́n pa dátà, wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n lọ wo fọ́tò, wọ́n padà sí fọ́ọ̀mù, bí ẹni tó ń wá olè, ẹ̀ẹ̀mọkànlá! Wọ́n wá tan dátà. Gbogbo wa wo kọ̀ǹpútà òtẹ́ẹ̀lì.

"Ọ̀kan ló wọlé," ọmọbìnrin ìdí káńtà ní.

Màdáámù yíjú sí ọkọ wọn. "Orí yín ló yọ yín."

Wọn ò lé mi. Húùkù yẹn, tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ tó sì mọ ìparí, ni gbogbo ọ́fíìsì wa ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí tọkọtaya yẹn bá fẹ́ lọ sí Eleko, màdáámù á kọ́kọ́ pè mí.

"Bísọ́lá, yàrá mélòó ló wà lórúkọ ọkọ mi?"

"Ọ̀kan, mà."

"Tún un kà."