Baba Káfíńtà Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nítorí Ọmọ Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tó bá jókòó lórí àga tí Baba Káfíńtà kàn kì í ṣàròyé. Ṣùgbọ́n àga tí wọ́n fún òun náà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà, ti ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì lábẹ́. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ké "àì-àmù, yù-áà, hì-ísì" bí ẹni tí pàṣán wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ń wá ìwé ẹ̀rí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló lọ sókè òkun, ó fẹ́ ọkùnrin ibẹ̀ tí kò gbọ́ èdè wa, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Bí Baba bá pè lọ́jọ́ Àìkú, ìyá ọmọ a wà láàárín wọn: a gbọ́ ti Baba, a túmọ̀ fọ́mọ; a gbọ́ tọmọ, a túmọ̀ fún Baba. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn tí kò pé ọ̀sẹ̀ gbé ọmọbìnrin náà lọ. Wọ́n sin ín sọ́hùn-ún, Baba ò tilẹ̀ fojú rí sàréè. Láti ìgbà náà, bó bá pè, àna rẹ̀ a sọ díẹ̀, Baba a ní "yẹ́ẹ̀sì, yẹ́ẹ̀sì," ọmọ a mí sínú fóònù, ó parí. Ìpè náà ń kúrú sí i. Baba rí i pé bí òun ò bá rí ọ̀rọ̀ bá ọmọ náà sọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbàgbé pé òun léèyàn níbì kan, a jẹ́ pé ẹni méjì làwọn pàdánù.

Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Baba, ṣé lọ́yà lẹ fẹ́ dà ni? Pákó tẹ́ ẹ fẹ́ gé ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o." Síbẹ̀, òun náà ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó jáde lọ kàwé.

Tíṣà wọn, ọmọ tí Baba lè bí ní àbígbẹ̀yìn, fẹ́ràn ariwo. Yóò bèèrè, gbogbo kíláàsì yóò sì dáhùn pọ̀ kó tó panu dé. Níbo ni bíírò wà? Bíírò wà lórí tábìlì. Níbo lajá wà? Ajá wà lábẹ́ àga. Ẹni tó ń wá ajá kiri bẹ́ẹ̀ láyé yìí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dúró ronú, wọ́n á ti fi í sílẹ̀, nítorí náà Baba ò ronú mọ́. Ó kọ́ ẹnu rẹ̀ láti máa sáré. Bó bá ṣì í, tíṣà a ní, "Ẹ má jẹ́ kó sú yín, bàbá. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba."

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, ó pè. Ìyàwó rẹ̀ fara tì í kó lè gbọ́. Baba ní òun ni baba ìyá rẹ̀, ó ní ṣé dáadáa lo wà. Ọmọ náà ní dáadáa lòun wà. Baba gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, ó gbọ́ ìyẹn náà. Ọmọ náà wá bi òun náà léèrè: "Níbo ni màmá mi wà?"

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí Baba ò mọ̀. Tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ti ìyá ọmọ náà ló jọ máa ń wá lórí fóònù. Ta lọmọ ì bá tún bi? Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n ń kà ní kíláàsì, inú kíṣìnì ni ìyá wà, wọn kì í sì í lọ sílé láìké e. Ẹnu Baba sáré ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara dáhùn pé ìyá rẹ wà nínú kíṣìnì.

Fóònù bọ́ lulẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré, ó gbọ́ ilẹ̀kùn, ó gbọ́ bó ṣe ń pe ìyá rẹ̀ láti yàrá kan dé òmíràn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Ohùn àna rẹ̀ dé, ó le, ó ń yára, ó ń bèèrè nǹkan. Baba ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó ní "yẹ́ẹ̀sì." Wọ́n pa fóònù.

"Ó dá yín lóhùn, àbí?" Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ jọ ń sọ?"

"Ó bèèrè ìyá ẹ̀." Baba ò lè wò ó lójú. "Mo ní ó wà nínú kíṣìnì."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bojú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí kíláàsì tún pé, Baba bẹ tíṣà kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ pé ìyá rẹ ti kú, ọmọ mi, ẹnu mi ló yọ̀, má bínú sí mi. Tíṣà ní wọn ò tíì débẹ̀ nínú ìwé. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì kọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, pákó ni Baba ń sọ ọ́ fún títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè, fóònù á dún títí, kò sẹ́ni tí yóò gbé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó rò pé àna òun ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, kò sì fẹ́ kí ìyẹn pa fóònù kóun tó sọ tẹnu òun, ló bá sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ikú náà, àṣìsọ náà, ẹ̀bẹ̀ náà. Kò ṣì í rárá. Nígbà tó parí, obìnrin náà tún ohun tó kọ́kọ́ sọ sọ, bó ṣe sọ ọ́ náà gẹ́lẹ́: nọ́ḿbà tí ẹ̀ ń pè yìí kò sí mọ́.