Kẹ̀kẹ́ Tí Oyèbísí Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kùn

Oyèbísí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ní àdúgbò Bajulaiye tó ń gbé báyìí, Ìyá Adéjìmí ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Opó ni. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń to abala ìwé pọ̀, tó sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Fádèyí, ó rí kẹ̀kẹ́ ológeere dúdú kan níwájú ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù. Ìpata ti bò ó, kò ní ṣéènì, kò ní táyà. Irú rẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, irú rẹ̀ náà ló sì gbé lọ sílé ọkọ. Kò pẹ́ tó débẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ní obìnrin kì í yasẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ nílé òun, ó sì gbé e fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Oyèbísí ò jiyàn nígbà náà.

“Màámi, ṣé ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún?” ni ọkùnrin onírin náà bi í.

“Èmi ni mo fẹ́ gùn ún.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, owó pọ́ọ́kú ló sì gbà.

Alábàárù ló bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ Mùíz, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Bàrígà. Mùíz fọwọ́ gbá irin rẹ̀ gbàgbàgbà, ó ní, “Ìyá, egungun ẹ̀ ṣì le. Ṣùgbọ́n yóò gba sùúrù.”

Sùúrù kì í ṣe ohun tó wọ́n lọ́wọ́ Oyèbísí. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń lọ jókòó sórí àpótí, tó ń fi kẹrosíìnì àti sáńpépà ha ìpata títí abẹ́ èékánná rẹ̀ fi dúdú. Mùíz wá ṣéènì àti táyà, ó tọ́ rìmù títí kò fi gbọ̀n mọ́. Oyèbísí fúnra rẹ̀ ló kùn ún lọ́dà. Dúdú náà ló tún kùn ún.

Àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn ún, díẹ̀ ló kù kó já sí gọ́tà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rántí. Ó gùn ún dé Ìlàjẹ, létí ọ̀sà. Obìnrin kan tó ń yan ẹja níbẹ̀ pè é pé, “Ìyá, ẹ dúró kí n gun ẹ̀yìn.” Oyèbísí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìròyìn náà dé etí Adéjìmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ díákónì. Ó wá.

“Mọ́mì, wọ́n ní mi ò lè fún ìyá mi lówó ọkọ̀.”

“Sọ fún wọn pé ó wu ìyá ẹ ni.”

“Obìnrin ọjọ́ orí yín, Mọ́mì?”

“Ohun tí bàbá ẹ sọ nìyẹn, ọjọ́ orí nìkan ni ò sí níbẹ̀.”

Adéjìmí dìde, ó lọ. Oyèbísí rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ tí òjò ò jẹ́ kó gùn ún lọ síbi iṣẹ́, ó délé, kò bá kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àga ìrọ̀gbọ̀kú tuntun ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í lára. Aráalé sọ fún un pé Adéjìmí ti gbé kẹ̀kẹ́ fún àwọn tó ń fi ọmọlanke kó irin.

Kò bọ́ bàtà. Ó fẹsẹ̀ rìn dé Fádèyí. Wọ́n ti fi ayùn gé e. Ọ̀dà rẹ̀ ló fi dá a mọ̀ láàárín òkìtì. Ọkùnrin onírin ò lè wo ojú rẹ̀.

Mùíz ní òun á bá a wá òmíràn. Oyèbísí ní kó má ṣèyọnu, apá òun ò ní lè ha ìpata mọ́.

Nígbà tí Adéjìmí wá béèrè bóyá àga tù ú lára, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé, “Nígbà tí bàbá ẹ gba tèmi, mo ní àjòjì ni, kò mọ̀ mí. Ìwọ, inú mi lo ti jáde.”

“Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é. Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?”

Oyèbísí wọlé lọ.

Láti ìgbà náà, bí ọmọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á dáhùn, á ṣàdúrà fún un bí ìyá ṣe ń ṣe, á sì pa fóònù. Adéjìmí ń sọ fún àwọn èèyàn pé ogbó ti ń dé sí ìyá òun, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.