Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ àti Ọta Kékeré

Oúnjẹ aláìsàn ni Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sè. Ilé ìdáná ọsibítù ńlá kan ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọlọ́mọge, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn rẹ̀, ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ wú, ẹni tí kò lè jẹ nǹkan líle, jẹ́lì Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún un. Nígbà tó yá, ọsibítù gbé iṣẹ́ oúnjẹ fún àwọn ará ìta, wọ́n ní kí màmá máa lọ sinmi. Ìsinmi wo? Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì wà lójú ogun, ó ń ṣe sójà. Kò tíì jókòó sílé pẹ́ tí ẹnì kan fi wá bi í bóyá ó lè máa se jẹ́lì fún àwọn ológun.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé eyín ti tán lẹ́nu àwọn sójà ni?"

Kì í ṣe fún jíjẹ. Pápá tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ni wọ́n mú un lọ. Ìbọn tí gbogbo sójà ń gbé ti gbó, ó wúwo, ọta rẹ̀ sì tóbi. Ìjọba fẹ́ yan òmíràn, àríyànjiyàn sì ti dé lórí ọta tí yóò máa jẹ: ṣé ọta ńlá ti àtijọ́ ni, àbí ọta kékeré tí kò nípọn tó pẹ́ńsùlù? Wọ́n ní àwọn nílò jẹ́lì tó ki, tó mọ́, tí àwọn yóò máa yìnbọn lù. Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ rò pé bí àwọn ọmọdé ṣe ń sọ òkò lu agolo ni. Kò bi wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iṣẹ́ níṣẹ́ ń jẹ́.

Ẹ wá wo bó ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Yóò da ìyẹ̀fun awọ àti egungun màlúù sínú omi tútù, yóò fi sílẹ̀ títí yóò fi wú. Yóò gbé e ka iná jẹ́jẹ́, kò ní jẹ́ kó hó, nítorí bó bá hó, ó ti bàjẹ́. Yóò fi ṣíbí kó ìfófòó orí rẹ̀ dànù, yóò dà á sínú àpótí irin gígùn, Bàbá Oníyìnyín, ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá tútù, yóò sì gbé e wọlé. Tó bá di ọjọ́ kejì, màmá yóò fi ìwé ìròyìn sẹ́yìn jẹ́lì náà. Tó bá lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ láti iwájú, inú rẹ̀ á dùn. Tí kò bá lè kà á, á tún un sè.

Bàbá Oníyìnyín a ní, "Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan tí wọ́n máa fi ìbọn fọ́ lẹ ń kẹ́ bí ìyàwó tuntun yìí?"

"Àwọn tó ń fọ́ ọ kò bẹ̀ mí níṣẹ́ pé kí n sè é tì," màmá a fèsì, a sì máa palẹ̀ ìkòkò mọ́ lọ.

Wọn kì í jẹ́ kí ará ilé ìdáná kọjá sí ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Ìró rẹ̀ nìkan ni màmá máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọta méjèèjì, ó ti ní èyí tó ń gbè lẹ́yìn, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Tẹ́ẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ ti pariwo títí lórí fóònù pé, "Màmá, ìbọn àtijọ́ yìí wúwo jù mí lọ! Èjìká mi ti fẹ́ bọ́. Ọta kékeré yẹn ni kí wọ́n mú. Ó fúyẹ́, èèyàn á lè gbé e ní ìlọ́po méjì." Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń gbàdúrà lórí ìkòkò: Olúwa, kékeré ni kí wọ́n mú o. Kí èjìká ọmọ mi sinmi.

Oṣù tó kọjá ni ìbọn ba Tẹ́ẹ́rẹ́ nítan. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀ láti ọsibítù àwọn ológun tó jìnnà réré.

"Ẹ má sunkún, màmá. Ihò tó ṣe kò ju orí ìka ìkẹyìn mi lọ."

"Ihò kékeré?"

"Kékeré báyìí, màmá. Mo fi Ọlọ́run búra."

Màmá dúpẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó, Tẹ́ẹ́rẹ́ ní kó má ṣe wàhálà, ọ̀nà kò dáa. Ó ní kó jẹ́ kí òun rí ojú rẹ̀ lórí fóònù, Tẹ́ẹ́rẹ́ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé e. Ó bi í pé ìgbà wo ni yóò dìde rìn, Tẹ́ẹ́rẹ́ bi í pé kí ló sè lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun yè, ohun tó bá ti sọ ni yóò gbà gbọ́.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ìbọn náà, ẹ̀yìn dun Bàbá Oníyìnyín, kò wá. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé jẹ́lì láìjẹ́ kó sán, àfi màmá. Bó ṣe di pé òun fúnra rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù náà kọjá àgbàlá nìyẹn. Ọ̀gá Aláwò, ológun onígò lójú tó ń darí ìdánwò náà, ní kó dúró sẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú àwọn àlejò, kó má lọ dúró sínú oòrùn.

Wọ́n kọ́kọ́ yin ọta ńlá. Jẹ́lì náà gbọ̀n, ó dúró. Wọ́n là á, ihò rẹ̀ sì lọ tààrà bí ẹni fi irin gún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yin kékeré. Jẹ́lì fò sókè lórí tábìlì, ó wú gbùù, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ na ọrùn. Níwájú, ihò náà kéré lóòótọ́, kò ju orí ìka lọ. Ṣùgbọ́n inú! Jẹ́lì tí òun fi ìwé ìròyìn yẹ̀ wò láàárọ̀ ti ya yánnayànna. Ihò inú rẹ̀ gba ìkúùkù, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán, ọta náà sì ti fọ́ wẹ́wẹ́ káàkiri inú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

"Ẹ máa wò ó bí itan èèyàn," Ọ̀gá Aláwò ń sọ fún ìgbìmọ̀. "Bí ẹran ara ṣe ń gba ọta ni jẹ́lì yìí ṣe ń gbà á. Ìdí tí a fi ń lò ó nìyẹn."

Àgbàlagbà kan nínú wọn bi í pé, "Tó bá wá bá egungun ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn, sà."

Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́kọ́ rò pé òun ṣì í gbọ́ ni. Itan èèyàn? Nǹkan tí òun ń sè, tí òun ń kó ìfófòó rẹ̀, tí òun ń yọ̀ pé ó mọ́! Ó di kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí. "Àwọn tí ọmọ mi ń bá jà lọ́hùn-ún, èwo ni wọ́n ń lò?"

Ọ̀gá Aláwò yíjú sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Kékeré yìí náà ni, màmá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ tiwọn. Ìdí tí a fi ń sáré nìyẹn."

Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ńbà ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó tẹ ti ọmọ rẹ̀.

"Màmá mi!" Inú Tẹ́ẹ́rẹ́ dùn. "Ṣebí òní ni wọ́n fẹ́ mú un? Ṣé kékeré ló wọlé?"

"Tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ dà?"

Màmá ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ti bẹ́ẹ̀dì kọjá lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Nínú yàrá tí màmá ti jáde, wọ́n bú sí àtẹ́wọ́. Àdúrà rẹ̀ ti gbà. Wọ́n ti mú kékeré.

"Màmá," Tẹ́ẹ́rẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ni mo sè é."