Ọwọ́ Tí Ìyá Mi Fi Na Ẹsẹ̀ Ológbò

Gbogbo ìkókó Yorùbá àdúgbò wa ní Kokomlemle, ní Gáànà níbí, ìyá mi ló wẹ̀ wọ́n. Bí ọmọ tuntun bá ti dé láti ọsibítù, màámi á ti gbé omi gbígbóná àti òrí sílẹ̀, wọn á na apá, wọn á na ẹsẹ̀, wọn á jù ú sókè. Ọwọ́ wọn tuni lára.

Nígbà tí ológbò wa wá jábọ́ láti orí páànù, tó ń tiro wọlé, tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kanlẹ̀ rárá, omi ni ìyá mi sáré gbé kaná. Wọ́n fẹ́ràn ológbò yẹn ju àwa ọmọ lọ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran."

"Dókítà kẹ̀? Gáànà ti bà ẹ́ jẹ́! Ṣebí ẹsẹ̀ ló rọ́."

Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀ bíi ti ìkókó. Kò bù wọ́n jẹ. Ó kàn ń kùn lọ́fun.

"O ò gbọ́ bó ṣe ń gbádùn ẹ̀?"

Mo gbà wọ́n gbọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń nà án. Àmọ́ ẹsẹ̀ ń wú, ológbò ò jẹ kòòbì, ẹja gbígbẹ oníyọ̀ tó máa ń jí jẹ, mọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ tirotiro lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Dókítà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Egungun ló kán. Ta ló ń fà á?"

Ìyá mi ká ọwọ́ wọn méjèèjì sábẹ́ ìborùn. Èmi ni mo ní ó ń kùn, a rò pé ara ń tù ú ni. Dókítà ní ológbò a máa kùn tí ìrora bá pọ̀ pẹ̀lú. Pé èyí tí kò bá ti lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ká gbé e wá, ká má fà á, ká má fi nǹkan kan pa á. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gígé ni dókítà gé ẹsẹ̀ náà.

Ológbò yè. Ó tún ń gun itan gbogbo wa, àfi ti ìyá mi. Bó bá ti gbọ́ ohùn wọn, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dùn mí wọra, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò pè é mọ́. Wọn á gbé ẹja sílẹ̀ ní yàrá, wọn á jáde, wọn á rọra fa ilẹ̀kùn dé, kí ó lè jẹun.